Ọ̀sanyìn Ní Ipò Kẹsàn-án

Ipò kẹsàn-án ni wọ́n fi Ọ̀sanyìn sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ìwé ìròyìn orin Rolling Stone ti ilẹ̀ Bràsíl to ọgọ́rùn-ún orin tí wọ́n kà sí ọ̀gá nínú gbogbo orin ilẹ̀ náà. "Construção" ti Chico Buarque ló gba ipò kìíní. Bí ẹ bá ka ìtò náà dé ìkẹsàn-án, ẹ ó bá "Canto de Ossanha" níbẹ̀, orin tí Baden Powell onígìtá àti Vinicius de Moraes jọ ṣe. Ossanha yìí ni Ọ̀sanyìn wa, ẹni tó ni ewé, tí oníṣègùn kì í já ewé láì dárúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti rí ojú ìwé yẹn ni ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Orin tó ti ojúbọ wá, tó wá di ohun tí à ń fún ní ipò nínú ìwé ìròyìn, ta ni à ń yìn nígbà tí a bá yìn ín? Ta sì ni a jẹ ní gbèsè ọpẹ́?

Ọmọ Àyàn ni mí, Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Mùsùlùmí ni bàbá mi, Mùsùlùmí lèmi náà. Èyí kò lè ya ẹni tó mọ ìdílé onílù lẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lu bàtá fún eégún àti fún Ṣàngó nílùú wa ló ń kírun wákàtí márààrún. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, níbi tí mo ti kọ́ àtàgbà àtọ̀dọ́ ní èdè Yorùbá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti mọ orin òrìṣà láti kékeré. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Ọ̀kan lára wọn ló mú ìwé ìròyìn náà wá sí kíláàsì tayọ̀tayọ̀, pé orin Ọ̀sanyìn wọ àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́. Mo bá a yọ̀. Inú sì tún ń bí mi, n kò sì tètè mọ ohun tó ń bí mi nínú.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ta ló fún wọn láṣẹ láti máa to orin. Ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn nínú ìtàn. Jann Wenner àti Ralph Gleason ló dá Rolling Stone sílẹ̀ ní San Francisco ní oṣù kọkànlá ọdún 1967. Ọmọ ọdún 21 ni Wenner nígbà yẹn. Àwòrán John Lennon ni wọ́n fi sí iwájú ẹ̀dà àkọ́kọ́, inú ẹ̀dà yẹn náà ni Wenner ti ṣàlàyé ibi tí orúkọ náà ti wá: òwe àtijọ́ kan ni, Muddy Waters mú un sọ orin rẹ̀, ẹgbẹ́ Rolling Stones mú orúkọ tiwọn láti inú orin Muddy, Bob Dylan náà sì lò ó. Muddy Waters yìí, aláwọ̀ dúdú ni, oko òwú ní Mississippi ló ti ṣí lọ sí Chicago, ọdún 1950 ló sì gbé orin náà jáde. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ ńlá kan ń gbowó lé lórí káàkiri ayé, ẹnu olórin aláwọ̀ dúdú kan ló ti dé inú orin.

Torí wọ́n ń gbowó lé e lórí lóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ẹ̀dà ti orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ní láti gbàṣẹ, kó sì máa sanwó. Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1969 pẹ̀lú owó Mick Jagger, kò sì pẹ́ tó fi forí ṣánpọ́n. Ẹ̀dà ti Bràsíl bẹ̀rẹ̀ ní Rio de Janeiro ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972. Luiz Carlos Maciel ni olóòtú rẹ̀, ọmọ Porto Alegre tó ti gbé Bahia rí, tó kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé níbẹ̀, tó sì bá Glauber Rocha aṣefíìmù àti Caetano Veloso olórin ṣọ̀rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti mọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn O Pasquim. Ìjọba ológun tó ń ṣàkóso Bràsíl nígbà náà sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú: nígbà tí wọ́n kó àwọn ará Pasquim dà sí àtìmọ́lé lápá ìparí ọdún 1970, Maciel wà láàárín wọn.

Ẹ wo irú àkókò tí ìwé ìròyìn orin yìí wọlé dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1968 ni àwọn ológun ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní AI-5, tó pa ẹnu gbogbo ìlú mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mú Gilberto Gil àti Caetano, wọ́n sì lé wọn kúrò nílùú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1969. Oṣù kìíní ọdún 1972 ni wọ́n tó padà délé. Ìwé ìròyìn Maciel àti àwọn olórin méjì yẹn, bí ẹni pé wọ́n jọ wọlé ni. Nínú ìlú tí a kò ti lè sọ̀rọ̀ òṣèlú, ọ̀rọ̀ orin ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń bá ara wọn sọ ohun tó wà nínú wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó tẹ ìwé yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe gba ọkàn akin.

Ṣùgbọ́n owó kò wọlé tó bó ṣe yẹ. Owó àṣẹ tó yẹ kó máa lọ sí San Francisco kò lọ mọ́, àwọn tó ni orúkọ náà já okùn wọn, àwọn ará Rio kò sì torí ìyẹn dáwọ́ dúró. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìgbàṣẹ títí ó fi kógbá sílé ní oṣù kìíní ọdún 1973, lẹ́yìn ẹ̀dà 36. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí ní Bràsíl, gbèsè yẹn ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà: pé wọ́n lo orúkọ olórúkọ, wọn kò sì sanwó.

Èmi a máa fẹ́ kí wọ́n mẹ́nu ba àṣẹ kejì. Ní ọdún 1972 kan náà, ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Bràsíl, tó bá fẹ́ lùlù fún òrìṣà ní Bahia ní láti kọ́kọ́ lọ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó sì sanwó. Ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ àti ìwà ìbàjẹ́ láwùjọ ni wọ́n fi wọ́n sí. Ilé Ìyá Nàsó, Gantois, Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, gbogbo àwọn ilé tó gbé èdè wa àti orúkọ àwọn baba wa la òkun já, wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè kí Ọ̀ṣun. Ṣọ́ọ̀ṣì kankan kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọdún 1976 ni gómìnà Roberto Santos tó fọwọ́ sí òfin tó fòpin sí i. Nígbà yẹn, orin Ọ̀sanyìn tí Baden àti Vinicius ṣe ti pé ọdún mẹ́wàá lórí rédíò. Orin ń lọ káàkiri láìsí ìdíwọ́, àwọn tó ni ín ń to ìlà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo tó mọ ohun tó ń bí mi nínú.

Rẹ́kọ́ọ̀dù tí orin náà wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ Os Afro-Sambas. Ní Rio ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1966, fún ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Forma. Guerra-Peixe ló to àwọn ohun èlò orin pọ̀, àwọn obìnrin Quarteto em Cy ló ń gbè é. Akéwì ni Vinicius, ó sì tún jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣojú Bràsíl lókè òkun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Bahia, Carlos Coqueijo, ló fi àwo orin samba àti orin Candomblé ta á lọ́rẹ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Baden fúnra rẹ̀ lọ sí Bahia, ó gbọ́ orin náà lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ó sì tún ti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Moacir Santos, ọ̀gá olórin aláwọ̀ dúdú.

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ tó lè mú kí n pe iṣẹ́ yẹn ní yẹpẹrẹ. Gìtá ló ń ṣáájú nínú "Canto de Ossanha", níbi ohùn ìsàlẹ̀, níbi okùn tó nípọn. Ohùn mẹ́rin péré ni, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó bá ti dé ìsàlẹ̀ yóò tún padà sókè bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Lórí rẹ̀ ni Vinicius ń kọrin, ohùn tí kò dán, ohùn ọkùnrin tó ti mu sìgá púpọ̀, àwọn obìnrin sì ń gbè é. Ọmọ onílù ni mí. Mo mọ lílé àti ègbè nígbà tí mo bá gbọ́ ọ. Ohun tí omele ń ṣe fún ìyáàlù, tó dúró lójú kan kí ìyáàlù lè rìn, ohun náà ni àtàǹpàkò Baden ń ṣe lórí okùn. Ó gbọ́ ìlù, ó sì fi gìtá sọ ọ́. Ipò kẹsàn-án kò pọ̀ jù fún irú etí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú orin náà ni n kò fara mọ́. Nínú rẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni Ọ̀sanyìn, oògùn ìfẹ́ rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún olùgbọ́ pé kó má lọ. Nílé wa, oníṣègùn ni Ọ̀sanyìn, ẹlẹ́sẹ̀ kan, olójú kan, tí ẹyẹ bà lé orí ọ̀pá irin rẹ̀. Aláboyún mọ̀ ọ́n, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná mọ̀ ọ́n. Oògùn ìfẹ́ kò ju igun kékeré kan lọ nínú ilé ewé rẹ̀. Akéwì kan tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ obìnrin mú igun yẹn, ó fi ṣe gbogbo ilé. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ohun tó rí. Àmọ́ ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin náà, kó sọ ibi tó ti wá.

Ní Salvador, mo máa ń lọ jókòó ti àwọn alágbè, bí wọ́n ṣì ṣe ń pe olórí onílù níbẹ̀ títí dòní. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù: rum ló tóbi jù, rumpi tẹ̀ lé e, lé ló kéré jù. Wọ́n ń fi aṣọ dì wọ́n lára bí òrìṣà ọjọ́ náà bá ṣe fẹ́ àwọ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé lára igi gúáfà ni wọ́n fi ń lù ú, wọ́n ń pè é ní aguidavi. Bó bá kan ìlù ìjẹ̀ṣà, wọn a fi ọ̀pá sílẹ̀, ọwọ́ lásán ni. Ohun tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni èyí: bí ìlù bá ń lọ kíkankíkan, tí ìyálórìṣà láti ilé mìíràn bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn onílù á dá ohun tí wọ́n ń lù dúró, wọ́n á yí ọwọ́ padà, wọ́n á fi ìlù kí i, kí wọ́n tó máa bá ti wọn lọ. Ọ̀yọ́ ni mo rò pé mo wà. Kò sí onílù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí àgbà máa wọlé bá tí kò ní kí àgbà náà.

Rolling Stone padà sí Bràsíl ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, pẹ̀lú àṣẹ tó pé báyìí, àwòrán Gisele Bündchen níwájú. Gilberto Gil tí ìjọba ológun lé nílùú ti di mínísítà àṣà fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Ọdọọdún nígbà náà, ní oṣù kẹwàá tí wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ ìbí ìwé náà, ni ìtò ńlá máa ń jáde: àwo orin ní 2007, tí Acabou Chorare ti Novos Baianos gba ipò kìíní (mo fara mọ́ ìyẹn tọkàntọkàn), àwọn olórin ní 2008, tí Tom Jobim ṣáájú, lẹ́yìn náà ni ìtò orin ti 2009. Àwọn akọ̀ròyìn, àwọn lámèyítọ́ àti àwọn tó mọ̀ nípa orin ló ń yàn. Ìtò a máa tà. Àwọn ènìyàn ń rà á kí wọ́n lè bá a jà.

N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi orin wé orin. Àwa náà ń ṣe é. Asunrárà máa ń wá ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò, oníjàálá méjì kì í pàdé ní òde kí wọ́n má dán ara wọn wò, àwọn ará òde ni yóò sì sọ ẹni tó borí. Ṣùgbọ́n ìbà ni oníjàálá kọ́kọ́ máa ń jú. Ó dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó kọ́ ẹni tó kọ́ ọ, kó tó sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn èyí ló lè máa fọ́nnu títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orúkọ ènìyàn méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Canto de Ossanha" nínú ìtò yẹn, àwọn méjèèjì sì tọ́ sí i. Àwọn tó ń lu rum nígbà tí Baden jókòó tì wọ́n ní Bahia, tó ń tẹ́tí, kò sí orúkọ wọn níbẹ̀.

Ẹnì kan lè ní Baden fúnra rẹ̀ ló kọ Ọ̀sanyìn sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú ní 2000, ó ti di onígbàgbọ́ nínú ìjọ ajíhìnrere, ó sì kọ̀ láti máa pe saravá, ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà, nínú orin tirẹ̀. Ó dun àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ìbéèrè tó gbé dìde ló ṣe pàtàkì lójú mi: bí ẹni tó ṣe orin bá ti bọ́ kúrò nínú ẹ̀sìn orin náà, tàbí tí kò tilẹ̀ wọ inú rẹ̀ rí, ṣé ó ṣì jẹ òrìṣà ní ohunkóhun?

Bàbá mi ló dáhùn èyí fún mi, ó ti pẹ́ kí n tó gbọ́ orúkọ Baden Powell. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà, wọ́n dé, wọ́n di Alhaji. Nígbà tí ọdún eégún súnmọ́, àwọn àgbà kan láti mọ́sálásí wá bá wọn nílé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ṣé kò tó àkókò kí wọ́n gbé bàtá sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mò ń fi ìda sí ojú òjò bàtá. Bàbá mi ní kí wọ́n jókòó, wọ́n fún wọn lómi mu, wọ́n wá ní, "Ọlọ́run nìkan ni mò ń sìn. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mò ń júbà fún. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rí ẹni tó kọ́ yín ní kéwú, ṣé ẹ kì í bẹ̀rẹ̀ kí i ni?" Lọ́jọ́ ọdún, wọ́n ní Bisimilláì, wọ́n júbà Àyànàgalú, wọ́n sì gbé ìlù kọ́rùn.

Ìyàtọ̀ tí bàbá mi fà yẹn ni mo di mú. Ìsìn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn, ẹnikẹ́ni lè yí i padà, Baden lẹ́tọ̀ọ́ láti yí tirẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí àwọn baba baba mi ti ṣe. Ìbà kò gba ìgbàgbọ́ kankan lọ́wọ́ ẹni. Ìrántí ló gbà, àti ìtìjú díẹ̀. Ìwé ìròyìn tí kò sin Ọlọ́run tí kò sin òrìṣà lè jú ìbà, àìjú rẹ̀ sì jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Rio kò sanwó lórí ọ̀rọ̀ méjì péré tó jẹ́ orúkọ ìwé wọn, San Francisco mọ̀ ọ́n sí gbèsè, ìtàn sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orin, ìlù, orúkọ òrìṣà àti gbogbo ọgbọ́n tó mú "Canto de Ossanha" dé ipò kẹsàn-án, àwọn wo ni wọ́n kọ̀wé béèrè owó wọn? Mi ò sọ pé kí ilé Candomblé máa gba owó àṣẹ lórí Ọ̀sanyìn. Àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀: ìbà ni.

Ó sì ti ṣeé ṣe. Gil wá sí Èkó fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, ó padà lọ ṣe àwo orin Refavela, ó sì ti wà pẹ̀lú Filhos de Gandhy tipẹ́, ẹgbẹ́ tí àwọn alágbàáṣe èbúté Salvador dá sílẹ̀ ní 1949, tí wọ́n ń gbé ìlù ìjẹ̀ṣà la ìgboro já lásìkò ọdún wọn. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Letieres Leite. Ní ọdún 2006, ọdún tí ìwé ìròyìn náà padà dé gan-an, ó dá ẹgbẹ́ orin ńlá kan sílẹ̀ ní Salvador, ó fi orúkọ ìlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ́: Orkestra Rumpilezz. Àwọn onífèrè pọ̀ níbẹ̀, ọ̀jáfáfá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n wà, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Àwọn onílù ló wà níwájú, pẹ̀lú kóòtù funfun bí ọba. Gabi Guedes wà lára wọn, ọmọ ilé Gantois tó ti ń lùlù láti kékeré. Letieres kú ní 2021. Bí Rolling Stone ti Bràsíl bá tún fẹ́ to orin lọ́jọ́ mìíràn, àwọn onílù yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ẹni tó kọ́ ọ ní ìlù, kí wọ́n sì tẹ orúkọ náà sókè orin kìíní.